Aṣáájú Ògbufọ̀: Ìtàn Mákírò nínú Èdè Ṣédà

Ní ọdún 2013, ní àkókò Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí pín ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ipele òkè ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀. Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ náà kò ṣàdédé wá. Orí ọpọ́n ni babaláwo ń tẹ ojú Odù sí, orí ọpọ́n sì ni àmì kékeré ti ń di ọ̀rọ̀ gígùn.

Ètò ìjọba náà kọ́ ni kókó àròkọ yìí, bí kò ṣe ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀tan-Ilé, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọbòkun, bá fi ìka kan ojú rẹ̀ tí àwòrán sì yí padà. Láti ìgbà tí Android 3.0 ti jáde ní ọdún 2011 ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ti lè fi ẹ̀yà ara rẹ̀ tí a dá fún àwòrán ya ojú ewé tí ènìyàn ń wò. Ẹ̀yà náà kì í dá nǹkan ṣe. Àṣẹ ni a ń kọ fún un, èdè tí a sì fi ń kọ àṣẹ náà ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní èdè ṣédà. Kí àṣẹ yìí tó di ohun tí ẹ̀rọ gbọ́, ọwọ́ ẹni méjì ni ó ń gbà kọjá. Èkejì nínú wọn ni ògbufọ̀, tí ń yí ọ̀rọ̀ padà sí èdè ẹ̀rọ. Èkíní ni ẹni tí ń ṣáájú ògbufọ̀, tí ń tú ọ̀rọ̀ tí a ti ká kò, tí ó sì ń gé èyí tí kò bá ìgbà mu kúrò. Aṣáájú ògbufọ̀ yìí kò gbọ́ èdè tí ó ń tún ṣe, síbẹ̀ ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ṣe aláìlò ó. Láàárín ọ̀rọ̀ méjì tí ó dà bí ẹni pé wọ́n takora wọ̀nyí ni gbogbo ìtàn rẹ̀ wà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ṣédà jẹ́. Ètò kúkúrú ni, tí ń dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: àwọ̀ wo, pẹ̀lú òjìji wo, ni ó yẹ kí ẹyọ àmì yìí ní? Ojú ẹ̀rọ tí ó ní àmì 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òòró ní àmì 2,073,600 lápapọ̀. Bí àwòrán bá ń yí padà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a ó bi ìbéèrè náà ní ìgbà 124,416,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Abájọ tí àwọn tí ń kọ ṣédà fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí ahun ti ń ṣọ́ kọ́bọ̀.

Mákírò ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ kúkúrú tí ó dúró fún ọ̀rọ̀ mìíràn. Òǹkọ̀wé ètò yóò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní òkè ìwé rẹ̀ pé #define IMOLE 0.75. Láti ibẹ̀ lọ, níbikíbi tí IMOLE bá ti fara hàn, aṣáájú ògbufọ̀ yóò mú un kúrò, yóò sì fi 0.75 rọ́pò rẹ̀. Ògbufọ̀ kò ní rí IMOLE rárá. Kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà rí. Mákírò sì lè gba ẹrù, bí a ti ń fi nǹkan lé ọmọdé lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń rán an níṣẹ́.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ṣédà. Ní àárín àwọn ọdún 1950, èdè tí ó sún mọ́ ti ẹ̀rọ pẹ́kípẹ́kí ni a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, àṣẹ kan náà ni òǹkọ̀wé sì ń tún kọ láti ojú ewé dé ojú ewé. Wọ́n wá rí i pé ó sàn kí a fún ọ̀wọ́ àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ kan, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa tú orúkọ náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1960 ni Douglas McIlroy, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Telephone Laboratories ní Amẹ́ríkà, tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Communications of the ACM. Ó fi hàn níbẹ̀ pé ọgbọ́n náà kò mọ sí èdè ẹ̀rọ nìkan. Èdè kọ̀ǹpútà yòówù kí ó jẹ́ lè jàǹfààní rẹ̀, mákírò sì lè bí mákírò mìíràn. Ní ọdún 1965 Christopher Strachey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní Cambridge, ṣe àlàyé ètò kan tí ó pè ní General Purpose Macrogenerator. Ètò Strachey kò mọ èdè kankan. Ọ̀rọ̀ ni ó ń gbà wọlé, ọ̀rọ̀ ni ó sì ń dá padà. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí kò kàn án.

Ṣùgbọ́n inú èdè C, tí Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní Bell Laboratories, ni aṣáájú ògbufọ̀ tí àwọn ará òde òní mọ̀ ti jáde. Ritchie fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀ ní ọdún 1993. Ní nǹkan bí 1972 sí 1973 ni wọ́n fi í kún èdè náà. Alan Snyder ni ó rọ̀ wọ́n láti ṣe é, wọ́n sì ti rí àǹfààní irú rẹ̀ nínú èdè BCPL àti PL/I. Iṣẹ́ méjì péré ni ó kọ́kọ́ mọ̀: kí ó kó ìwé kan wọ inú òmíràn, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn. Lẹ́yìn náà ni Mike Lesk, àti John Reiser lẹ́yìn rẹ̀, fi mákírò tí ń gba ẹrù kún un, pẹ̀lú agbára láti yan apá tí ògbufọ̀ yóò rí àti apá tí kò ní rí. Ohun kan wà nínú ìròyìn yìí tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú fò dá. Fún ọdún mélòó kan, àlejò ni wọ́n ka aṣáájú ògbufọ̀ sí; bí àmì # kò bá sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, wọn kì í pè é rárá. Àlejò tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yìí ni ó wá di onílé, tí ọ̀rọ̀ kankan kì í wọlé mọ́ láìgba ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ni ó wá dé tí wọ́n fi ń fura sí i? Ẹni tí ó mọ ìtàn àkọtọ́ Yorùbá yóò tètè rí ìdáhùn. Àwọn ará ìgbà ìjọba amúnisìn kọ Òṣogbo ní Oshogbo, wọ́n sì kọ Iléṣà ní Ilesha. Bí atẹ̀wé kan bá fẹ́ tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ̀, tí ó sì pàṣẹ kí a fi ṣ rọ́pò sh níbi gbogbo láìwo ojú ẹnikẹ́ni, orúkọ ìlú méjèèjì yóò bọ́ sí ìlà. Ṣùgbọ́n Shakespeare tí ó wà ní ojú ewé kejì yóò di Ṣakespeare. Àṣẹ náà kò mọ ará ilé yàtọ̀ sí àlejò.

Ìdí nìyí tí aṣáájú ògbufọ̀ tí a ṣe dáradára kì í fi wo lẹ́tà nìkan. Ẹyọ ọ̀rọ̀ ni ó ń wò. Ká ní a pàṣẹ pé kí Ile máa di Ile Eko. Ètò tí ń wo lẹ́tà yóò ba Ilera jẹ́, nítorí pé Ile wà nínú rẹ̀. Èyí tí ń wo ẹyọ ọ̀rọ̀ yóò fi Ilera sílẹ̀. Àmọ́ kí ó tó Otan-Ile ńkọ́? Àmì tí ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nínú orúkọ ìlú náà, àmì àyọkúrò ni lójú ẹ̀rọ. Otan ni ó rí, lẹ́yìn náà àyọkúrò, lẹ́yìn náà Ile. Kíá ni yóò sì sọ ìlú náà di Otan-Ile Eko. Ẹ̀rọ kò ṣìṣe níbẹ̀ o. Ohun tí a rán an ni ó jẹ́.

Orúkọ ìlú yìí tún ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọ̀tan nìkan kò tó láti fi mọ ìlú tí à ń sọ, nítorí pé Ọ̀tan-Ayégbajú náà wà. Ọ̀rọ̀ kejì ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Mákírò kò ní irú ọ̀rọ̀ kejì bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí a bá ti sọ ní òkè ìwé ti gba gbogbo ìwé náà kan, kò sì ní ìdílé tí a lè fi dá a mọ̀. Àwọn tí ó ṣe ìlànà èdè ṣédà GLSL fi òfin dí ihò yìí díẹ̀: orúkọ yòówù tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GL_ jẹ́ ti èdè náà fúnra rẹ̀, òǹkọ̀wé kò sì gbọ́dọ̀ sọ mákírò tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù òǹkọ̀wé ni yóò wá ọgbọ́n tí yóò ta sí ìyókù.

Àṣìṣe tí ìwé ẹ̀kọ́ fẹ́ràn jù láti tọ́ka sí ni ti ìṣirò. Ẹnìkan kọ #define ILOPO(x) x*x, ó sì lò ó fún ILOPO(3+2). Márùn-ún lọ́nà márùn-ún ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, èyí tí í ṣe 25. Ohun tí ògbufọ̀ rí ni 3+2*3+2, ìdáhùn rẹ̀ sì ni 11. Bí a bá fi àmì àkámọ́ yí x kọ̀ọ̀kan ká, tí a sì tún fi yí gbogbo rẹ̀ ká, ìdáhùn yóò tọ́. Síbẹ̀ ẹ̀mí kan ṣì kù nínú ejò náà. Lẹ́ẹ̀mejì ni x fara hàn. Bí x bá jẹ́ iṣẹ́ ńlá, gẹ́gẹ́ bí kíka àwọ̀ láti inú àwòrán mìíràn, ẹ̀ẹ̀mejì ni a kọ ọ́ fún ẹ̀rọ láti ṣe, àfi bí ògbufọ̀ bá fura. Ẹni tí ó bá rántí 124,416,000 tí a dárúkọ lókè yóò mọ ohun tí èyí lè ná ènìyàn.

Ewu kejì ni ti àyípo. Bí a bá ní kí ile máa di oko, tí a tún ní kí oko máa di ile, ẹni tí a rán yóò máa lọ láti ilé sí oko, láti oko sí ilé, ilẹ̀ yóò sì ṣú bá a lójú ọ̀nà. Òfin tí ìlànà C ti ọdún 1989 fi dí ọ̀nà yìí kò ṣòro láti lóye: orúkọ kò gbọ́dọ̀ tún tú nínú ìtúmọ̀ ara rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ile di oko, oko di ile, ìrìn àjò sì parí síbẹ̀. Òfin náà kúrú lẹ́nu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni láti mú un ṣẹ, nítorí pé mákírò lè wà nínú mákírò títí dé ìpele tí ojú kò lè tẹ̀ lé mọ́. Dave Prosser, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá ìgbìmọ̀ náà ṣiṣẹ́, ni ó kọ ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀: kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbé orúkọ àwọn mákírò tí ó ti inú wọn jáde rù kiri, bí ọmọ ti ń gbé oríkì baba rẹ̀.

Ìtàn ṣédà fúnra rẹ̀ kò gùn tó báyìí. Ní ọdún 1984 ni Robert Cook, tí ó wà ní Lucasfilm, dá a lábàá pé kò yẹ kí ìlànà kan ṣoṣo máa pinnu bí igi, irin àti aṣọ yóò ti rí nínú àwòrán. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò tirẹ̀. Ken Perlin tẹ̀ lé e ní 1985. Ní 1988 Pixar tẹ ìlànà RenderMan jáde pẹ̀lú èdè ṣédà tirẹ̀, èyí tí Pat Hanrahan àti Jim Lawson ṣàlàyé ní 1990, tí a sì fi ṣe fíìmù Toy Story ní 1995. Èdè náà jọ C, àwọn tí ń kọ ọ́ sì ń lo #define àti #include bí àwọn oní-C. Ní 2001 ẹ̀rọ GeForce 3 ti NVIDIA gbé agbára yìí dé ọ̀dọ̀ ará ìlú, ṣùgbọ́n èdè tí ó sún mọ́ ti ẹ̀rọ ni wọ́n ṣì fi ń kọ ọ́. Cg ti NVIDIA àti HLSL ti Microsoft jáde ní 2002. Ní 2004 ni GLSL wọ inú OpenGL 2.0.

Ibi tí GLSL ti yàtọ̀ ni ó mú kí aṣáájú ògbufọ̀ di ọ̀ràn. Ètò tí a fi C kọ, ilé ẹni tí ó kọ ọ́ ni a ti ń túmọ̀ rẹ̀, kí a tó kó o lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ GLSL, bí òǹkọ̀wé ti kọ ọ́ ni ó máa ń bá ọjà lọ. Inú ẹ̀rọ ẹni tí ó rà á ni a ti ń túmọ̀ rẹ̀, ọwọ́ ètò tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kọ ni ìtumọ̀ sì wà. Ó túmọ̀ sí pé bí ilé-iṣẹ́ márùn-ún bá ń ṣe ẹ̀rọ ìyàwòrán, ọ̀rọ̀ kan náà yóò bá ògbufọ̀ márùn-ún pàdé, pẹ̀lú aṣáájú ògbufọ̀ márùn-ún. Ó dà bí lẹ́tà kan tí a kọ sí ìlú márùn-ún, tí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan sì kọ́kọ́ tún un kọ kí ọba ibẹ̀ tó gbọ́ ọ.

Òfin kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n òfin náà fúnra rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Nínú C, bí a bá bèèrè ní #if nípa orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí, òdo ni ẹ̀rọ kà á sí. Nínú GLSL, àṣìṣe ni. Àmì tí ń so ìlà kan mọ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e wà nínú C; kò dé inú GLSL títí di ìtẹ̀jáde 4.20. Àṣẹ #line, tí ń sọ iye ìlà tí a wà, tilẹ̀ yí ìtumọ̀ padà: kí ìtẹ̀jáde 3.30 tó dé, ìlà tí ó tẹ̀ lé àṣẹ náà a máa fi ẹyọ kan ju iye tí a kọ lọ; láti ìgbà náà, iye tí a kọ gan-an ni. Kò sí #include nínú òfin náà. Àwọn oníṣẹ́ sì rí i pé ohun tí àwọn nílò jù lọ ni ó jẹ́ àìsí, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó kọ aṣáájú ògbufọ̀ tiwọn, tí yóò ṣáájú aṣáájú ti ilé-iṣẹ́.

Kíkọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ìlànà tí kò yí padà púpọ̀. A ó kọ́kọ́ so àwọn ìlà tí a gé pọ̀. A ó yọ àlàyé tí òǹkọ̀wé kọ fún ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. A ó wá pín ìyókù sí ẹyọ ọ̀rọ̀. Ìlà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú # jẹ́ àṣẹ fún aṣáájú fúnra rẹ̀; àwọn yòókù jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ tú. Àwọn mákírò wà nínú àkọsílẹ̀ kan tí a fi orúkọ tò. Àwọn #if tí a ṣí tí a kò tíì pa wà ní ìpele-ìpele, bí àwo tí a tò lé ara wọn: èyí tí ó wà lókè ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú. Èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń kà sí kékeré, tí kì í sì í ṣe kékeré, ni ìṣírò ìlà. Ẹni tí ó kọ ìlà 90, tí wọ́n wá sọ fún pé àṣìṣe rẹ̀ wà ní ìlà 412, kò rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Aṣáájú ògbufọ̀ tí ó bá fẹ̀ ọ̀rọ̀ láìrántí ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti wá ti ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni.

A lè rí iṣẹ́ yìí nínú àwọn ètò tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Ilé-iṣẹ́ 3Dlabs, tí ó kọ́kọ́ dábàá GLSL, tú apá ìṣáájú ògbufọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé; ìwé àṣẹ tí ó wà lórí apá mákírò rẹ̀ fi hàn pé láti ọ̀dọ̀ NVIDIA, tí í ṣe abánidíje rẹ̀, ni ó ti wá ní ọdún 2002. Nínú Mesa, ètò ìyàwòrán ọ̀fẹ́ tí Brian Paul bẹ̀rẹ̀ ní 1993, Carl Worth ti ilé-iṣẹ́ Intel kọ aṣáájú ògbufọ̀ tuntun ní 2010, tí a ń pè ní glcpp. Àwọn tí ń ṣe ANGLE ní Google náà kọ tiwọn láìpẹ́ sí ìgbà náà, dípò èyí tí wọ́n jogún. Nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn tí Ritchie ti ṣe tirẹ̀ ni èyí, síbẹ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n ènìyàn ṣì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan náà láti ìpìlẹ̀.

Àǹfààní tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni yíyan. Òǹkọ̀wé lè kọ ṣédà kan ṣoṣo, kí ó fi #ifdef dí apá kọ̀ọ̀kan: apá òjìji, apá ìkùukùu, apá dídán omi. Ẹni tí ó bá sọ orúkọ apá kan ti ṣí i. Ẹni tí kò sọ ọ́ ti pa á. Ṣíṣí tàbí pípa, kò sí ẹ̀kẹta. Bí irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́jọ, oríṣi ṣédà tí ó lè jáde láti inú ìwé kan yìí jẹ́ 256.

Iye yìí kò ṣàjèjì sí òǹkàwé Yorùbá. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ẹyọ mẹ́jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dẹ̀. Ojú Odù 16 àti ọmọ Odù 240, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 256. Ìṣirò kan náà gan-an ni: méjì tí a sọ di púpọ̀ nípa ara rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́jọ. Àwọn kan a máa ti ibí yìí fò lọ sí ọ̀rọ̀ pé àwọn babaláwo ló ni kọ̀ǹpútà, èyí tí kò ṣe àǹfààní fún Ifá tàbí fún kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni ibi tí àwọn méjèèjì ti yà. Nígbà tí ojú Odù bá hù, babaláwo mọ ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì mọ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wá mu. Aṣáájú ògbufọ̀ kò mọ̀ ju pé a sọ orúkọ tàbí a kò sọ ọ́. Nítorí náà ni ìlẹ̀kùn kan tí a fi kún un fi ń sọ 256 di 512, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ìdajì nínú wọn kò wúlò fún ohunkóhun. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, ìtumọ̀ àìmọye oríṣi bẹ́ẹ̀ ti di ẹrù tí ń wọni lọ́rùn.

Ní ti ẹ̀rọ pẹlẹbẹ àti fóònù, ìlẹ̀kùn kan wà tí ó lókìkí ju gbogbo àwọn yòókù lọ. OpenGL ES 2.0, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2007 fún ẹ̀rọ kékeré, fẹ́ kí òǹkọ̀wé sọ bí ìṣirò rẹ̀ yóò ti péye tó, nítorí àti fi agbára bátìrì pamọ́. GLSL àkọ́kọ́ ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí i, yóò kọ̀ ọ́. Ìlà mẹ́ta ni ó parí ìjà náà. Èkíní ni #ifdef GL_ES, ẹ̀kejì ni precision mediump float. Ẹ̀kẹta sì ni #endif. Ẹ̀rọ kékeré ní orúkọ GL_ES, nítorí náà yóò ka ìlà àárín. Ẹ̀rọ ńlá kò ní in, yóò fò ó. Nípa ìlà mẹ́ta wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ kan náà lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yunifásítì àti lórí ẹ̀rọ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama gbé sí orí itan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwọn olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Bí mákírò bá lè fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn, ṣé kò lè jẹ́ kí a máa fi Yorùbá kọ ètò? Ẹnìkan ti ṣe ohun tí ó jọ ọ́. Steve Bourne, tí ó kọ ètò àṣẹ tí ó bá ìtẹ̀jáde keje Unix jáde ní 1979, fẹ́ràn èdè Algol 68 ju C lọ. Ó fi #define sọ IF, THEN àti FI di orúkọ fún àmì C, ó sì kọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ if di bi, kí ó sì sọ return di da_pada. Aṣọ ni, ó sì lè yẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá dé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ògbufọ̀ yóò fi kígbe, nípa ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kò kọ. Iṣẹ́ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nínú Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984 jinlẹ̀ ju èyí lọ fíìfíì: ìtumọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó wá orúkọ.

Ìdènà mìíràn tún wà. Nínú GLSL, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni orúkọ lè ní. Ọmọ Ọ̀tan-Ilé kò lè fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kọ orúkọ ìlú rẹ̀ níbẹ̀, àfi nínú àlàyé tí aṣáájú ògbufọ̀ yóò yọ dànù, ìyẹn náà sì jẹ́ nínú àwọn ìtẹ̀jáde tí ó dé lẹ́yìn.

Láti 2016 ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti dín agbára aṣáájú ògbufọ̀ kù. Nínú Vulkan, tí ó jáde ní ọdún náà, SPIR-V tí a ti túmọ̀ tán ni ó ń lọ sí ọjà dípò ọ̀rọ̀, a sì lè fi iye kan sílẹ̀ láìsọ títí di ìgbà ìlò. Yong He, Tim Foley àti Kayvon Fatahalian fi hàn ní 2018, nínú èdè Slang, bí èdè fúnra rẹ̀ ṣe lè ṣe iṣẹ́ yíyan tí a ń gbé lé #ifdef lọ́wọ́. Ní 2023 ètò Chrome bẹ̀rẹ̀ sí gba WebGPU, tí èdè ṣédà rẹ̀ ń jẹ́ WGSL. Àwọn tí ó ṣe èdè yìí kò fi aṣáájú ògbufọ̀ sí i rárá. Àwọn oníṣẹ́ kò sì pẹ́ kí wọ́n tó tún kọ tiwọn.

WGSL ni ó gba Yorùbá láàyè nínú orúkọ. Ọ̀tan_Ilé, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, jẹ́ orúkọ tí ó bófin mu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà bí ọ̀ lè wọ inú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà mẹ́ta, ó kéré tán: ọ tí a fi àmì ohùn lé, ò tí a fi àmì abẹ́ sí, tàbí o lásán tí a fi àmì méjèèjì kún. Ọ̀nà méjì ni é náà lè gbà wọlé. Ọ̀tan_Ilé kan ṣoṣo lójú ènìyàn lè jẹ́ orúkọ mẹ́fà lójú ẹ̀rọ, ìlànà WGSL sì sọ ní pàtó pé òun kì yóò kà wọ́n sí ọ̀kan. Bọ́tìnnì tí ẹnìkan tẹ̀ ní Òṣogbo lè má bá ti ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù mu, bẹ́ẹ̀ ni ojú kò ní rí ìyàtọ̀. Sísọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ẹyọ kan kí ògbufọ̀ tó rí wọn, iṣẹ́ aṣáájú ògbufọ̀ ni, ẹni tí yóò sì kọ irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ àkọtọ́ Yorùbá.